Bírò Kì Í Kúnlẹ̀
Jos ni wọ́n bí Tohirat sí, Háúsá rẹ̀ sì já geere ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, ti fi pàṣán kọ́ ọ pé bí àgbà bá ń bínú, o jẹ̀bi o, o ò jẹ̀bi o, "Ẹ má bínú" ni kí o kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀kọ́ rere yìí ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn adìyẹ ní Bukuru ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ Bàbá Akínwọlé. Tohirat a máa kọ bí fíríìjì ṣe tutù sí sínú ìwé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bàbá ló ń tì í, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá kánjú lọ sílé, ó fi fíríìjì sílẹ̀ gbayawu. Kó tó di Mọ́ńdè, gbogbo àjẹsára adìyẹ ti bàjẹ́. Orúkọ Tohirat ló wà nínú ìwé, òun ni wọ́n fún ní kúẹ́rì, pé kó kọ̀wé ṣàlàyé ara rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣáà bẹ̀bẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Ẹjọ́ ta ni? Ojú ò tilẹ̀ ti àgbàlagbà yìí! Síbẹ̀ Tohirat fi Gẹ̀ẹ́sì kọ èsì, ìlà kan péré: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi.

Màdáámù Lucy, ọ̀gá àgbà wọn, kà á. "To, kin amsa laifinki ke nan." Ó ní Tohirat ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun jẹ̀bi. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé yá.

Inú bí Sherifat, ẹ̀gbọ́n Tohirat, débi tó fi na ìka sí i. "Wallahi, o gọ̀! Ṣé ìyá wa ló kọ kúẹ́rì ni? Ohun tó ṣẹlẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà, ìyẹn ni kí o kọ. Kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan."

Oṣù kejì kò tíì parí tí Bàbá tún fi fíríìjì sílẹ̀ gbayawu. Kúẹ́rì tún dé bá Tohirat, Bàbá tún ní kó bẹ̀bẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Tohirat mú bírò, ó kọ ọ́: ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fíríìjì tutù dáadáa; ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé ni kọ́kọ́rọ́ wà; ẹ wo ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gba kúẹ́rì tirẹ̀. Ó gbé e wá bá Tohirat, ó ń pariwo. "O ò tilẹ̀ fi ẹ má bínú kan ṣoṣo sínú ìwé tí o kọ!"

Tohirat kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹnu ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Bírò mi kì í kúnlẹ̀ mọ́."

Ó bá na bírò náà sí i, kó gbà á kó fi kọ èsì tirẹ̀.