Àpò Tútù Lórí Páànù Ìyá

Abdulganiyu fúnra rẹ̀ ló ká koríko kúrò lórí yàrá ìyá rẹ̀ ní ọdún 1981, tó sì kan páànù rọ́pò rẹ̀. Káfíńtà ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ẹni tó ń kan páànù fún gbogbo Ọ̀fà, abẹ́ koríko ni ìyá tiẹ̀ ń sùn. Ìyá ní, "Yàrá mi tutù báyìí o." Kò gbọ́. Fáàrí ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe ń jẹ́.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn kì í mojú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀, Asiata, ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ ni, síbẹ̀ ó lóun ó gbààwẹ̀ pé. Àáfà wá, ó ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ àáfà, ó sì ń bá ààwẹ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá ti di ọ̀sán, yàrá á gbóná bí ààrò, ètè ìyá á gbẹ, ojú rẹ̀ á jìn wọnú. Ẹ̀rù ń ba ọmọ gidigidi: ìyá yìí lè kú lábẹ́ páànù tí òun fọwọ́ ara òun kàn.

Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? A kì í fi tipátipá la ẹnu ìyá ẹni. Ó wá wo àmù tí ìyàwó rẹ̀ fi àpò tútù wé kí omi inú rẹ̀ lè tutù. Ó ní ohun tó ṣe àmù lóore á ṣe yàrá lóore. Ó gbé àkàbà, ó tẹ́ àpò kòkó mẹ́rìnlá sórí páànù, ó ń pọn omi kànga agboolé, ó ń dà á lé wọn. Atẹ́gùn ń fẹ́, omi ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ. Ọ̀sán méjì gbáko ni ìyá fi rí oorun sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, korobá kan ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ kànga. Lukman, aládùúgbò wọn, dúró ti kànga pẹ̀lú bútà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sómi àlùwàlá mọ́ o. Ṣé òrùlé náà ń kírun ni?"

Ìyá gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Ganiyu! Omi àwọn èèyàn lo ń dà sórí mi?"

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ mu ife kan péré. N ò ní gun òrùlé yìí mọ́."

"Sọ̀ kalẹ̀. Kó àwọn àpò rẹ."

Ó kó wọn. Kò pẹ́ rárá tí ooru fi padà dé. Abẹ̀bẹ̀ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ sí ìyá títí apá fi ń ro ó, afẹ́fẹ́ gbígbóná náà ló sì ń fẹ́.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgáríbà, ó gbé ìyá jókòó, ó gbé ife sí i lẹ́nu. Ìyá mu ún lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi, ó tún mu díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Sọ fún ìyàwó rẹ kó má gbàgbé sààrì mi lọ́la."

Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí ààwẹ̀ tó parí. Abdulganiyu kọjú sí ògiri, ó bú sẹ́kún.