Oúnjẹ Ìdúpẹ́ Tí Wọ́n Gbé fún Siencyn

Meinir Bebb kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá bú u, á wò yín, á bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Èmi Idwal ni ẹnu mi kì í dákẹ́ ní àfonífojì Cwm Helyg yìí. Ògiri òkúta kan ló wà láàárín oko àgùntàn mi àti pápá tiẹ̀, orí ògiri yẹn la sì ti ń kí ara wa láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú.

Ilé ìdáná ilé-ìwé ló ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ti ilé-ìwé náà pa. Kò sí ọmọ àfonífojì yìí tí kò jẹ ọbẹ̀ ẹran àgùntàn tó bá sè. Ifor ọkọ ẹ̀ kú láìdarúgbó, wọn ò bímọ. Ohun tó kù fún un ni Siencyn, pónì aláwọ̀ eérú kan, ẹṣin kúkúrú tí kò ga ju àyà mi lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Meinir á gbé ọmọ ọlọ́mọ lé e lẹ́yìn, á fà á yí pápá ká, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ yẹn ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí. Àwọn gan-an ni inú ń bí mi sí.

Nígbà tí Siencyn darúgbó, ó sanra. Ọ̀rá dì sí i lọ́rùn, ó le gbagidi, gbogbo ayé sì ń yìn ín pé ó ń jayé orí ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni kò lè rìn mọ́. Ó ń fẹ̀yìn sẹ́yìn, ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó dúró lórí ẹyín iná. Heledd, dókítà ẹran, wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó sì padà wá jẹ́ iṣẹ́.

"Mà, ara ẹ̀ ò gbọ́ ti ínsúlíìnì mọ́. Ínsúlíìnì ló yẹ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tiẹ̀ ń pe ara, ara kọ etí ikún sí i, ni ínsúlíìnì bá ń pọ̀ sí i, ó ń ba ibi tí pátákò ti lẹ̀ mọ́ egungun ẹsẹ̀ jẹ́."

"Ṣúgà wo? Mi ò fún un ní ṣúgà rí láyé mi."

"Koríko tútù yẹn, Mà, ṣúgà ni. Búrẹ́dì, ápù, kárọ́ọ̀tì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìgbà tí òtútù bá mú lóru tí oòrùn wá ràn lọ́sàn-án, ìgbà yẹn ni ti koríko ń burú jù."

"Ṣé àìsàn náà á lọ?"

"Kì í lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣọ́ ẹnu ẹ̀, á pẹ́ láyé. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá tún dá a dúró báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní lè ṣe nǹkan kan."

Meinir gbọ́. Ó fi ọgbà gé igun kan nínú pápá fún Siencyn, ó da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, koríko kankan ò sí níbẹ̀ tí ẹran lè bù jẹ. Ó gbé ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ síta, ó ń rẹ koríko gbígbẹ sínú omi kí ṣúgà inú ẹ̀ lè yọ́ jáde, á ro omi ẹ̀ dànù, á wá gbé e fún un. Nígbà òtútù, ìka ẹ̀ ń là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Meinir, o wá ń fọ oúnjẹ ẹṣin bí ẹni ń fọ ṣòkòtò!"

"Kí n bá ẹ fọ tìẹ náà, Idwal, ikùn ẹ ti fẹ́ já bẹ́líìtì."

Nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn sàn, ó ń fi okùn fà á rìn lójú títì lójoojúmọ́. Tó bá máa fi í sínú pápá rárá, á de ìdènu mọ́ ọn lẹ́nu, ihò kékeré kan ló wà lábẹ́ ẹ̀, ìwọ̀nba koríko díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Siencyn fọn. Ọ̀rá ọrùn ẹ̀ rọ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ń sáré wá sẹ́nu géètì bó bá gbúròó Meinir. Heledd ní bí gbogbo èèyàn bá ń ṣe bíi tiẹ̀, òun ì bá ti wábi fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n ẹnu ayé! Wọ́n ní ó ti fi ebi pa ẹṣin. Wọ́n ní ahun ni. Wọ́n ní ó de ẹnu ẹran arúgbó bí ajá tó ń géni jẹ. Meinir gbé pátákó kọ́ sẹ́nu géètì pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má fún un lóúnjẹ, ẹnì kan sì fi àpò búrẹ́dì kọ́ sórí pátákó náà gan-an! Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbèjà ẹran tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ọkùnrin kan wá, ó fọwọ́ pa Siencyn lára, ó wo pátákò ẹ̀, ó ní òun ò tíì rí ẹran tí wọ́n tọ́jú báyìí rí. Cwm Helyg ní tíì tí Meinir fún un mu ló fi yí i lórí.

Èyí tó wá dùn mí jù ni Tegwen, àbúrò Meinir, ọmọ ìyá ẹ̀ kan ṣoṣo, ìyàwó olórí àwọn díákónì. Mò ń to òkúta ògiri lọ́jọ́ kan nígbà tó dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí, ojú ń tì mí. Wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ẹ ò rí oúnjẹ ra ni."

"Sọ fún wọn pé ara ẹ̀ ò yá."

"Ẹṣin tó ń sáré! Bàbá wa sin ẹṣin títí tó fi kú, ṣé ó fọ koríko rí?"

"Ẹṣin bàbá wa ń fa ẹrù láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Tegwen. Èyí ò ṣe nǹkan kan mọ́. Dókítà ní oúnjẹ dídùn á pa á."

"Dókítà! Ta ni oúnjẹ pa rí?"

Meinir gbé garawa ẹ̀, ó lọ pọn omi. Látìgbà yẹn ni kò ti yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ní oṣù kẹwàá, ọjọ́ Ajé ìdúpẹ́ ìkórè wa dé. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é: ápù á kún ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà, àti búrẹ́dì ńlá tí wọ́n yan bí ìtí ọkà. Lẹ́yìn ìsìn, a ó mu tíì, wọ́n á wá kó oúnjẹ náà lọ fún àwọn arúgbó àti aláìsàn. Tegwen wá bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó wá. Ẹ ò rí bí inú Meinir ti dùn! Ó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù tó dáa. "Àbúrò mi fẹ́ ká parí ẹ̀," ló wí fún mi. Mò ń kó àgùntàn lọ ọjà ìlú lọ́jọ́ náà, mo ní kó bá mi kí Ọlọ́run.

Nígbà tí wọ́n mu tíì tán, Tegwen ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa fọ ife. Kò sẹ́ni tó mọ ife fọ̀ bíi tiyín." Ni Meinir bá ká apá aṣọ, ó dúró ti omi ọṣẹ ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tó kù gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kọrin jáde. Ó rò pé ilé àwọn aláìsàn ni wọ́n ń lọ.

Ọ̀dọ̀ Siencyn ni wọ́n lọ tààrà. Àwọn tí Siencyn gbé sẹ́yìn ní kékeré, wọ́n da ápù sílẹ̀ fún un, wọ́n da kárọ́ọ̀tì, wọ́n fọ́ búrẹ́dì ìdúpẹ́ sí wẹ́wẹ́. Tegwen wá ṣí géètì pápá ńlá, níbi tí koríko tuntun ti hù lẹ́yìn tí wọ́n gé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn òru tútù àti ọ̀sán olóòrùn tí Heledd wí. "Ẹ jẹ́ kóun náà dúpẹ́," ló wí. Wọ́n dúró, wọ́n kọrin fún un! Ìyàwó ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ló sọ ọ́ fún mi, omi ń bọ́ lójú ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ó ní òun ò tíì rí ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀. Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ wa lójú, ó fi ata sẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, ni mo gbọ́ tí Meinir ń pe ẹṣin ẹ̀. Siencyn wà ní àárín koríko tútù, èérún búrẹ́dì ṣì wà létè ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn, ẹ ò rí i! A fà á wọlé. Heledd sáré dé, ó fún un lóògùn, ó ní ká máa fi yìnyín dì í lẹ́sẹ̀. Mò ń ṣépè fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

"Idwal, dákẹ́," Meinir wí. "Di àpò yìnyín yẹn mú."

Asán ni. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kò lè dìde mọ́. Heledd ya àwòrán ẹsẹ̀ ẹ̀: egungun ti já kúrò lára pátákò, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀.

"Mà, mo ti sọ fún yín nígbà yẹn…"

"O sọ fún mi. Má jẹ́ kó jìyà mọ́."

Meinir jókòó sílẹ̀, ó gbé orí Siencyn lé itan, títí abẹ́rẹ́ ikú tí Heledd gún un fi ṣiṣẹ́.

Ẹ wá wo ẹkún ní Cwm Helyg! Kéèkì kún tábìlì Meinir tí kò fi sí ibi tí èèyàn lè gbé ife sí. Tegwen náà dé, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú, ó sunkún gidi. Mo jókòó níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ó kéré tán, ó jẹun yó kó tó lọ. Ká ní a ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ebi ni ì bá pa á."

Mo la ẹnu. Meinir gbé ọwọ́ lé mi lápá.

"O ṣeun, Tegwen," ló wí.

Nígbà tí Tegwen lọ, mo bi í léèrè kí ló dé tí kò sọ fún un.

"Ọmọ ìyá mi ni, Idwal. Tí mo bá sọ ọ́, á gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ kan. Báwo ló ṣe máa wá fara dà á?"

Èmi kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ, Tegwen. Ìwọ lo pa á.