Òkun Tí Àǹtí Ní N Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ọmọdé ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ríran sí mi nínú ìjọ aláṣọ funfun wa l'Ágége. Wọ́n ní omi ni yóò pa mí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi níléèwé lọ ṣeré létíkun, èmi nìkan ló jókòó sílé tí mò ń ṣa ẹ̀wà. Àǹtí ò rántí ọjọ́ yẹn mọ́. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ oníke kan l'Óregun. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Àǹtí gbọ́wọ́ lé ọmọbìnrin mi lórí, tí wọ́n ní ìran náà ti kan òun náà, inú mi ru. Mo ní màá wọ òkun lójú wọn, màá sì jáde láàyè.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé n kò gbọdọ̀ kú. Bí mo bá kú, Àǹtí ló jàre, wọn yóò sì máa fi mí ṣe ìwàásù. Bí omi bá tilẹ̀ wọ̀ mí nímú, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Inú burúkú tí mo ní sí wọn ló kọ́ mi ní ìṣọ́ra. Obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, títí ó fi mọ́ mi lára. A yan etíkun tí àwọn òbí máa ń kó ọmọ lọ, tí àwọn òmùwẹ̀ ń ṣọ́. A bi àwọn apẹja léèrè ìgbà tí òkun máa ń rọlẹ̀ àti ibi tí omi ti ń wọ́ èèyàn lọ. A wá okùn gígùn àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo tá a dé pinpin, tó lè gbé èèyàn léfòó. Ìgbà Sáàpù ni, tí ètò ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ mi tò títí ó fi rí i rà.

Mo wá lọ pe Àǹtí pé ká lọ gbàdúrà létí òkun. Inú wọn dùn, wọ́n gbé àbẹ́là dání.

Nígbà tá a dé etíkun, tí wọ́n rí i tí mo ń so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n dìde.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, Àǹtí. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa wò mí.”

N kò kọjá ibi tí omi ti mù mí dé àyà. Ọ̀rẹ́ mi ará Ẹ̀pẹ́ di okùn mú létí omi. Mo lúwẹ̀ẹ́ kọjá níwájú Àǹtí, mo tún yí padà. Wọ́n di àbẹ́là wọn mú gírígírí. N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Mo jáde, mo dúró síwájú wọn kí wọ́n lè sọ pé àwọn ṣìnà. Àǹtí kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Ààwẹ̀ tí mò ń gbà lórí ọmọ yìí ló yọ ọ́.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n jẹ́rìí, gbogbo ìjọ jó. Wọ́n ní ó ku ti ọmọ mi, kó má tíì dé etí omi títí àwọn yóò fi gba ààwẹ̀ tirẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé okùn àti kẹ́ẹ̀gì, mo mú ọmọ mi lọ sétíkun. N kò sọ fún Àǹtí, kí wọ́n má baà ráyè gbààwẹ̀. Nígbà tá a padà dé, n kò wẹ̀ fún un. Mo ní kó lọ kí Àǹtí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀.