Oúnjẹ Tí Ìyá Ràṣídì Kò Tọ́ Wò

Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi kúrò ní ẹ̀ka àwọn obìnrin wá sí géètì iwájú, ẹ̀kọ́ tí Bàbá Àlàbá kọ́ mi kò ju gbólóhùn kan lọ. Bàbá Àlàbá ni àgbà wọ́dà tí wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ti lọ, wọ́n ti padà wá, wọ́n sì tún bá a níbẹ̀. Ó ní, "Ojú abọ́ ni kí o máa wò, má wo ojú ẹni tó gbé e wá."

Mi ò ní dárúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Ọgbà kékeré kan ni, ní ìgbèríko Ìbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣì ń wọ ọkọ̀ láràárọ̀ láti Ẹgbẹ́dá. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n kàn ń dúró de ẹjọ́ ni. Ẹjọ́ lè gba oṣù mẹ́ta, ó sì lè gba ọdún mẹ́ta. Oúnjẹ ìjọba kì í pani, kì í sì í yóni. Ẹni tó bá ní ará ilé tó ń gbé oúnjẹ wá fún un ní Ọjọ́bọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ àlejò, ni ara rẹ̀ máa ń dán díẹ̀.

Òfin wa ni pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò lójú wa. Yóò bu díẹ̀, yóò jẹ ẹ́, yóò sì gbé e mì, kí abọ́ tó wọlé. Nítorí májèlé ni. A tún máa ń fi ṣíbí tú inú oúnjẹ wò, nítorí àwọn nǹkan mìíràn. Mo ti bá bíléèdì nínú mọ́ínmọ́ín rí, mo sì ti bá sìgá mẹ́fà nínú búrẹ́dì kan tí wọ́n gé ìdí rẹ̀, tí wọ́n tún fara balẹ̀ dé e padà.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń ti Lálúpọn gbé ìrẹsì wá fún àbúrò rẹ̀. Títọ́wò tirẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Á bu ṣíbí kan, á ní iyọ̀ rẹ̀ kò tíì yé òun. Á bu èkejì, á ní ó ku ẹran. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Àlàbá gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Alàgbà, ẹ jẹ́ ká kúkú mú ẹ̀yin wọlé, kí àbúrò yín wá máa tọ́ oúnjẹ wò níta." Gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì bá wọn rín in.

Abúlé kan lẹ́yìn Olódò ni Ìyá Ràṣídì ti ń wá. Gàárí ló ń yan níbẹ̀. Ràṣídì ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ló ń bá ọ̀gá kan bójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ náà sọnù, ọ̀gá ní Ràṣídì ló tà á, ọlọ́pàá gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e, ìyá rẹ̀ kígbe láàárín abúlé pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nígbà tí ojú bá ń tì í ni, ṣùgbọ́n Ràṣídì gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ẹ̀wọ̀n.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ìyá yìí ń wá, ó ń tọ́ oúnjẹ wò, kò sí wàhálà kankan. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi nítorí yunifọ́ọ̀mù, ẹni tó tó bí mi lọ́mọ. Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó dé ní Ọjọ́bọ̀ kan pẹ̀lú àsáró àti ẹja díndín, mo na ṣíbí sí i, kò gbà á.

Mo ní, "Ìyá, ẹ tọ́ ọ wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ bá mi gbé e wọlé bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣáà mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le, alihamudulilahi."

Mo wo ojú abọ́ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Mi ò wo ojú ìyá náà rárá. Mo dá àsáró padà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àlejò pé ó kọ̀ láti tọ́ oúnjẹ wò. Nígbà tí Ràṣídì bi mí ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ló dé tí òun ò rí oúnjẹ gbà, mo dá a lóhùn pé, "Lọ bi màmá rẹ. Àwọn ló ní àwọn ò ní tọ́ ọ wò." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n ti gé ahọ́n mi jẹ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni, ìyá kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ. Ní ti ẹ̀kẹta, Ràṣídì kò jáde wá rí ìyá rẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú sẹ́ẹ̀lì ti bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà: ìyá tó ní ikú yá ju ẹ̀sín, tó wá ń gbé oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fi kan ẹnu wá. Ó ránṣẹ́ sí mi ní géètì pé tí ìyá òun bá fẹ́ kí òun kú, kí ó ní sùúrù kí adájọ́ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé èmi náà ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo tún dá àsáró ìyá náà padà, mo sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ó jókòó síta títí a fi ti géètì.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mi ò lọ sílé tààrà. Ìjọ Kérúbù wa ní ìsọjí ní Olódò. Mo ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀, gbogbo ibi iṣẹ́ ló sì mọ̀, nítorí mo sọ fún wọn. Mo bọ́ yunifọ́ọ̀mù, mo wọ sùtánà funfun, mo bọ́ bàtà sínú àpò, mo sì wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Ìyá Ràṣídì ni mo jókòó tì, abọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò dá mi mọ̀.

Ọkọ̀ kò tíì kún nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Ìyá náà mú omi inú ọ̀rá jáde, ó ní bisimilahi, ó mu ún. Ó ṣí abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àsáró tí mo dá padà ní ọ̀sán. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Ó ṣẹ́jú wò mí, ó sì na abọ́ sí mi bí ọmọlúàbí. Ó ní, "Ìyá àdúrà, ẹ wá jẹun."

Mo ní, "Ìyá Ràṣídì."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu abọ́. "Háà, màdáámù. Ẹ̀yin rèé?"

"Ààwẹ̀ lẹ̀ ń gbà."

"Àtìnì àti Àlàmísì, títí Ọlọ́run á fi yọ ọ́." Àtìnì ni Ọjọ́ Ajé lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, Àlàmísì sì ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ àlejò wa.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Èmi àti Ọlọ́run la jọ dá a. Tí mo bá ń polówó rẹ̀ ní géètì, kí ló tún kù tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ ì bá kàn tọ́ ọ wò, kí ẹ tu ú dànù."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e mì."

Ó wá bi mí bóyá ara Ràṣídì kò yá ni, tó fi ń sùn lọ́sàn-án gangan. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní, "Ó rò pé èmi," kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ó dé abọ́, kò jẹun mọ́. Ojú tì mí débi pé mo dé ìsọjí, wọ́n wàásù, mo ṣe àmín, n kò sì mọ nǹkan kan tí wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi Bàbá Àlàbá bóyá ẹlòmíràn lè bá èèyàn tọ́ oúnjẹ wò.

Ó ní, "Òfin ní kí ẹni tó bá gbé e dé géètì tọ́ ọ. Kò dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni." Ó tún ní, "Tí nǹkan bá ṣe ọ́, n ó sọ fún ọkọ rẹ pé ọ̀fun ló pa ọ́."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo jáde lọ bá Ìyá Ràṣídì lábẹ́ igi, mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e wá sí géètì. Bàbá Àlàbá ló lọ mú Ràṣídì wá; mi ò mọ ohun tó sọ fún un. Ọmọ náà ti gbẹ, ó sì ń wo abọ́ bí ẹni wo ejò. Mo bu ṣíbí mẹ́ta lójú rẹ̀, mo jẹ wọ́n, mo gbé wọn mì.

Mo ní, "Ààwẹ̀ ni màmá rẹ ń gbà nítorí rẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tọ́ ọ wò. Èmi ni mi ò béèrè dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀ fún ọ. Má bínú."

Ràṣídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ sọ̀rọ̀, òun àti ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ wọ́dà ni kí ó máa fetí sí ohun tí àlejò bá ń sọ, ṣùgbọ́n mo lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí ìyá lọ tán, Ràṣídì gbé abọ́ náà padà wá bá mi, kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ẹ bá mi gbé e pamọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi."

Bẹ́ẹ̀ ni abọ́ Ràṣídì ṣe di ẹrù orí tábìlì mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń tọ́ ọ wò. Tí èmi náà bá ń gbààwẹ̀ ìjọ wa, Bàbá Àlàbá á bá mi tọ́ ọ, á sì ní ata rẹ̀ kò tó. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ìyá á bi mí bóyá ọmọ òun jẹ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń dá a lóhùn pé ó jẹ ẹ́ tán. Irọ́ kọ́, mi ò kàn sọ àsìkò tó jẹ ẹ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tún lò ní géètì yẹn kí n tó fẹ̀yìntì. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn Bàbá Àlàbá, mo ní kí wọ́n máa wo abọ́ dáadáa, kí wọ́n sì wo ojú ẹni tó gbé e wá pẹ̀lú. Mi ò yí òfin padà. Ìbéèrè kan péré ni mo fi kún un, fún ẹni tó bá kọ̀ láti tọ́ oúnjẹ wò: kí ló dé?

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ àsáró yẹn, adájọ́ da ẹjọ́ Ràṣídì nù. Ọ̀gá tó pè é lẹ́jọ́ kò yọjú lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó padà wá kó ẹrù rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ń dúró ní géètì pẹ̀lú abọ́ tó kún, ojú rẹ̀ ń dán.

Ó ṣí i. "Jẹun, ọmọ mi. O ti gbẹ jù."

Ràṣídì ní, "Ó di ìrọ̀lẹ́, màmi."

Ìyá wò ó títí. Ó wò mí, mo gbé ojú kúrò. Ó tún wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà wo?" Ràṣídì tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá Ràṣídì, tí n kò rí omijé lójú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn àlejò, ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó dé abọ́ náà padà, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì jọ lọ wá ọkọ̀, ebi ń pa àwọn méjèèjì.