Ọjọ́ Tí Mo Rò Pé Apá Bàálù Já

Bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, ariwo kan máa ń jáde lábẹ́ apá rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí wúwo lórí sìmẹ́ǹtì. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá padà di ọmọdébìnrin tó dúró nínú eruku pupa ní pápá bàálù ìlú Bouaké, tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Bàbá mi ń bọ̀ láti Mẹ́kà. Láàárọ̀ ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Títí ẹsẹ̀ bàbá ẹ á fi kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ burúkú kankan ò gbọdọ̀ tẹnu ẹ jáde. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá mi."

Bàálù yọ lókè igi máńgòrò. Ó ń rọlẹ̀ bọ̀ nígbà tí ẹ̀yìn apá rẹ̀ méjèèjì là, tí irin pẹlẹbẹ yọ níbẹ̀, tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí apá adìẹ tí wọ́n ṣẹ́. Apá ti ń já! Mo fẹ́ kígbe, mo rántí ìkìlọ̀, mo bá ki etí aṣọ ìyá mi bọ ẹnu, mo fi eyín dì í mú. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé irin tó rọ̀ yẹn gan-an ló ń gbé bàálù dúró bó bá ń dín eré kù.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú jálámíà funfun, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹkún ayọ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, bí ìyá mi ṣe ń wẹ̀ mí, kànìnkànìn kan èjìká mi, ó ta mí. Àmì èékánná ìyá mi mẹ́rin ló wà níbẹ̀, níbi tó ti di èjìká mi mú nígbà tí bàálù ń balẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́, ó fi òrí pa wọ́n, kò sì sọ ohun tóun náà rí.