Àtàǹpàkò Bàbá Mi àti Bàálù Tó Bà sí Pápá Ilé-Ìwé

Òórùn dísẹ́lì àti ata lílọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Èjìgbò. Bàbá mi ló ni ẹ̀rọ ìlọta tó lágbára jù ládùúgbò wa, irin wíwọ́ kan ló sì fi ń yí i kó tó dún. Kó tó gbé irin náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pa àtàǹpàkò mi pọ̀ mọ́ àwọn ìka yòókù. "Má dì í mú. Bí ẹ̀rọ bá ta padà, jẹ́ kí irin rí ọ̀nà lọ." Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, àmọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, kò sẹ́gbẹ́ mi tó mọ̀ ọ́n tó mi.

Lọ́jọ́ kan, òjò lé bàálù kékeré kan bà sí pápá ilé-ìwé wa. Nígbà tí òjò dá, bátìrì rẹ̀ ti kú. Ọ̀gá tó ń wà á sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ láyé àtijọ́, pé òun á jókòó sínú láti tẹ bíréèkì, kí ẹlòmíì yí i. Àwọn géńdé sá sẹ́yìn. Bàbá mi nu ọwọ́, ó jáde. Mo ti búra fáwọn ẹgbẹ́ mi pé bàbá mi ló máa jẹ́ kó fò.

Àfi bí òṣìṣẹ́ tí ìjọba rán wá wo ìwé bàálù náà ṣe ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Òfin ò gbà kẹ́ni tí ò níwèé àṣẹ yí i."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó yọ tirẹ̀ jáde.

"Ẹ ti yí i rí?"

Ó wolẹ̀. "Ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti fi hàn wá."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Òjò míì sì ti ń ṣú.

"Ó dáa," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀yin lẹ níwèé, èmi ni mo mọ̀ ọ́n yí. Ẹ bọ́ síbí."

Ràsákì ọ̀rẹ́ mi gún mi níhàá. "Bàbá tìẹ ò yí nǹkan kan o!"

"Ta ló ń kọ́ òṣìṣẹ́ yẹn? Ṣé bàbá tìẹ ni?" ni mo dá a lóhùn.

"Àtàǹpàkò!" ni bàbá mi ń kígbe. "Ẹ tẹ́ ọwọ́ lé e, ẹ má dì í mú! Bẹ́ ẹ bá fà á tán, ẹ sún sẹ́yìn!" Faransé tó kó bọ̀ láti Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Dusumọ́n! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́!"

Ẹ̀ẹ̀kíní, kò dún. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bú ramúramù! Fìlà fò lórí àwọn àgbà, koríko sùn gbalaja. Bàálù sáré, ilẹ̀ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gorí igi tíìkì kọjá. Ràsákì ò lè pa ẹnu dé. Òṣìṣẹ́ náà ń ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ṣì pé, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi.

Lónìí, jẹnẹrétọ̀ táwọn mẹkáníìkì bá sá fún láti ibí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Kọ́kọ́rọ́ àti bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń tan gbogbo wọn báyìí, ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é. Mo ń yangàn, ó sì tọ́ sí mi. Àmọ́ bí bàálù bá gba òkè Èjìgbò kọjá, mo máa ń ju sípánà sílẹ̀, kí n gbójú sókè bíi ti ọjọ́ yẹn. N kò fọwọ́ kan bàálù kankan rí láyé mi. Bí mo bá wá wo ọwọ́ mi, àtàǹpàkò ti pa pọ̀ mọ́ àwọn ìka yòókù, ó ti ṣe tán.