Ewúrẹ́ Tó Wà Láyà Jẹ́sì

Jẹ́sì àkọ́kọ́ tí mo ní, bàbá mi ló ya àmì ẹgbẹ́ sí i láyà. Mo ṣì wà ní girama nígbà náà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú òyìnbó ni, tí èmi àti bàbá mi jọ máa ń wò lórí tẹlifíṣàn. Àgbọ̀nrín tó gbórí sókè ni àmì rẹ̀. Bàbá mi kò rí irú àgbọ̀nrín bẹ́ẹ̀ rí, tí ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka bí igi. Àwòrán kékeré inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ń wò ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo wọ̀ ọ́ jáde. Ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé ewúrẹ́ ta ni mo gbé sáyà.

Mo bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo wo jẹ́sì náà dáadáa, mo sì rí i pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìlobù ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìfọ́n. Maṣíìnì ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ: ọrùn agbádá, etí fìlà, orúkọ ilé-kéú lára hìjáàbù àwọn ọmọ. Àgbọ̀nrín náà wá di ara iṣẹ́ wọn. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ wa láti Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn máa ń kó jẹ́sì tí kò lámì wá, bàbá mi á sì bá wọn yà á. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè ẹni tó ni àwòrán yẹn.

Lọ́dún tí mo parí ìsìnrú ìlú, àwọn olówó tó ra ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn máa yọ àgbọ̀nrín kúrò, àwọn á fi lẹ́tà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Àwọn èrò ìwòran tó wà lọ́hùn-ún fárígá. Wọ́n jókòó síta pápá, wọn ò wọlé. Síkáàfù alágbọ̀nrín tí àwọn èèyàn ń hun fúnra wọn ni wọ́n ń rà, kí owó wọn má baà dé ọwọ́ àwọn olówó náà. Mo ń ka ìròyìn yìí sókè fún bàbá mi láti orí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe máa ń ṣe, títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ ti kọ̀wé sí àwọn onísíkáàfù: ayédèrú ni ọjà wọn, ẹni tó bá ya àgbọ̀nrín láìgbàṣẹ ti rú òfin.

Maṣíìnì dákẹ́.

“Àgbọ̀nrín wo?” ni bàbá mi bi mí.

“Èyí tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn náà ni, Bàbá.”

“Èyí tí wọn ò fẹ́ mọ́, òun náà ni wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíì yà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.”

“Ṣé bíi tèmi yìí?”

Ó yẹ kí n ti rí ìbéèrè yẹn kí n tó la ẹnu. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá ti gboyè ti ka gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí ná.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wádìí. Pé ẹgbẹ́ kan pa àmì tì kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ó ṣeé ṣe kó ṣì jẹ́ tiwọn. Mo mọ̀ pé lọ́yà kankan ò ní tìtorí bàbá mi wá sí Ìlobù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi mí. Ìlà iwájú ni bàbá mi ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ohun olóhun ni wọ́n ti ń mú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, fìlà nìkan ni wọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ kẹrin ni alága àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ wá. Wẹ́dà ni, ọmọ Ìfọ́n, Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ti ara, ó béèrè ti maṣíìnì pàápàá, kó tó gbé àpò jẹ́sì funfun kalẹ̀.

“Bàbá, àwa náà fẹ́ fẹ̀hónú hàn. A máa wọ̀ ọ́ wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé, a máa ya fídíò, a máa fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ bá wa fi àgbọ̀nrín sáyà, kí ẹ wá kọ ọ́ sẹ́yìn pé OLOHUN KURO.”

Bàbá mi fọwọ́ di etí. “Kí Ọlọ́hun kúrò, kó lọ síbo? Kí ni mo fi ṣe ẹ́?”

“Rárá o, Bàbá! Olóhun ni mo wí, ẹni tó ni nǹkan! Àwọn tó ra ẹgbẹ́!”

“Kọ ọ́ kí n rí i.”

Alága fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí tábìlì. Bàbá mi wò ó, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, “Ìyá lọ́yà, kà á.”

Ohun tó kọ tọ̀nà. Tó bá jẹ́ orúkọ Ọlọ́hun ni, àmì á wà lábẹ́ O méjèèjì. Kò sí àmì níbẹ̀, nítorí náà olóhun ni. Ṣùgbọ́n mo tún un rò. Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ láàárín wa? Ara ògiri mọ́ṣáláṣí wa gan-an, láìlámì ni wọ́n kọ ọ́. Níbi tí kò ti sí ẹni tó ń fi àmì sí i, àìsí àmì kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan. Mo ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún wọn.

“Gírádúéètì,” ni alága wí, “ṣé ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni?”

“Ká tiẹ̀ ní wọ́n kà á re,” ni bàbá mi wí jẹ́ẹ́, “ìwọ ọmọ Ìfọ́n fẹ́ wọ aṣọ tó ní kí olóhun kúrò, kí o máa gba Ìlobù kọjá?”

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Láàárín ìlú wa méjèèjì, tí a bá ti ń sọ ẹni tó ni nǹkan, ilẹ̀ tí a jọ ń jà lé lórí ló máa kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn. Alága fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí tábìlì.

“Ẹ má kọ nǹkan kan, Bàbá. Ẹ ṣáà fún wa ní àgbọ̀nrín.”

Bàbá mi kọjú sí mi. “Ọjọ́ mẹ́ta ti pé. Ti ta ni?”

Ó wù mí kí n sọ ohun tó máa dùn mọ́ wọn. “Tiwọn ni, Bàbá. Bí mo ṣe rí i, tiwọn ṣì ni. Ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò sì lè pe ìyẹn lólè. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ báyìí.”

Wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà wọ́n bi alága pé, “Èyí tí mò ń yà, ṣé ó jọ tiwọn?”

Alága wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú o, Bàbá. Ní Ìfọ́n, ewúrẹ́ Bàbá Ìlobù là ń pè é.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó pẹ́ o.”

Mo rò pé inú máa bí wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, wọ́n rín in títí wọ́n fi bọ́ awò ojú. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n tẹjú mọ́: wọ́n ya ìwo kúkúrú, wọ́n ya irùngbọ̀n, wọ́n ya ikùn tó yọ síta. Wọn ò wo ìwé ìròyìn kankan.

“Èyí ńkọ́?”

Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Mi ò lè búra, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí wọ́n máa fi sọ pé àwọn ló ni ewúrẹ́.”

“Ó tó,” ni bàbá mi wí, maṣíìnì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àwa ará Ìlobù àti ará Ìfọ́n jókòó pọ̀ ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ewúrẹ́ láyà gbogbo wa. Àwọn tó ń ti ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn ń pariwo pé, “Ẹ so ẹran yín mọ́lẹ̀ o! Iléyá ti dé tán!” Mi ò mọ̀ bóyá fídíò wa dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó náà. Wọ́n yọ àgbọ̀nrín wọn ṣá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi fi abẹ tú àgbọ̀nrín tí wọ́n yà sára jẹ́sì tiwọn fúnra wọn. Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi, abẹ ṣì wà ní ọwọ́ kejì.

“Mú tìẹ náà wá, kí n tú u.”

Mo lọ gbé e wá. Kò gbà mí mọ́, òwú ìwo ti ń já, ojú ẹran náà sì ti wọ́. Mo gbé e mọ́ àyà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi sílẹ̀.”

“Òfin ńkọ́, Ìyá lọ́yà?”

“Mi ò tíì kà á dé ibẹ̀, Bàbá.”

Wọ́n ju abẹ sínú àpótí òwú, wọ́n sì pa ìdérí rẹ̀ dé.